Bí A Ṣe Lè Rí Ohùn Blues Tó Dùn Lára Áńpù Tí Gain Rẹ̀ Pọ̀

Àwọn áńpù gìtá kan wà tí a dìídì ṣe fún orin rọ́ọ̀kì líle, tí gain wọn, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń sọ ìró tó wọlé di ńlá tó, pọ̀ débi pé bí ọwọ́ bá ṣèèṣì kan okùn gìtá báyìí, ohùn ti há (ìyẹn ni pé ó ya, kò já gaara mọ́), ó sì ń ké lọ láìdákẹ́. Peavey 5150 wà lára wọn, èyí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1992 pẹ̀lú ọwọ́ Eddie Van Halen, gbajúmọ̀ atagìtá rọ́ọ̀kì, nínú rẹ̀, tí wọ́n sì sọ ọ́ di 6505 lẹ́yìn tí òun àti ilé-iṣẹ́ Peavey pínyà. Mesa/Boogie Dual Rectifier náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Soldano SLO-100 tó ti wà láti àwọn ọdún 1980. Ẹni tí irú áńpù bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí tó bá a ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní ibi tí ẹgbẹ́ olórin ti ń ṣe ìdánrawò, tó sì fẹ́ fi ta blues, sábà máa ń rò pé àfi kí òun lọ ra òmíràn. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí blues ń fẹ́ wà nínú áńpù náà, àmọ́ nǹkan púpọ̀ ló bò ó mọ́lẹ̀, àwọn nǹkan wọ̀nyí sì ni a ó máa kó kúrò díẹ̀díẹ̀. N ó fi 5150 ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀, nítorí pé ó wọ́pọ̀, ó sì wà lára àwọn tó ṣòro jù lọ láti tù lójú. Ẹni tó bá rí i ṣe lórí rẹ̀ yóò rí i ṣe lórí àwọn yòókù.

Ohun tó fà á tí ohùn fi ń há jù

Nígbà tí Muddy Waters, olórin blues, kúrò ní Mississippi lọ sí Chicago ní ọdún 1943, ariwo ilé ọtí ìlú ńlá kò jẹ́ kí a gbọ́ gìtá onípákó lásán mọ́. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ń lo gìtá tó ń lo iná, wọ́n sì ń kì í bọ inú àwọn áńpù kéékèèké tí agbára wọn kò fi bẹ́ẹ̀ tó. Bí wọ́n ṣe ń fipá mú áńpù wọ̀nyí kọjá agbára wọn ni ohùn ń há, àmọ́ híhá náà wà lábẹ́ àṣẹ ọwọ́ atagìtá: bó bá ta á jẹ́jẹ́, ohùn a já gaara, bó bá gbá a, ohùn a há. Fender Bassman ti ìparí àwọn ọdún 1950, tó ní sípíkà mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó íǹṣì 10, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì fi ń wọn irú ohùn yìí títí dòní, ìtò wáyà inú rẹ̀ sì ni Jim Marshall àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé ní London ní 1962 nígbà tí wọ́n ṣe áńpù JTM45.

Ohun tó ń sọ ohùn di ńlá nínú áńpù ni fáàfù, ìyẹn àwọn gílóòbù kéékèèké onígíláàsì tí a to sínú rẹ̀. Fáàfù 12AX7, tó wọ́pọ̀ jù lọ ní iwájú áńpù, lè sọ àmì iná tó wọ inú rẹ̀ di ìlọ́po 100 bí a bá wo òṣùwọ̀n tí àwọn tó ṣe é kọ sílẹ̀. Nínú áńpù àtijọ́, ìpele díẹ̀ ni àmì náà ń là kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ fáàfù ńlá tó ń lé sípíkà. Nínú 5150, ìpele lé ìpele ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń gé orí ìró tó bá ga jù. Nígbà tí ìró bá fi jáde níkẹyìn, èyí tí a ta jẹ́jẹ́ ti ga, èyí tí a gbá ni wọ́n ti gé, àwọn méjèèjì ti wá dọ́gba.

Ẹ dán èyí wò kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ tan áńpù bí ẹ ṣe máa ń lò ó, ẹ fi ẹran ìka àtàǹpàkò ta okùn kẹfà jẹ́jẹ́, ẹ jẹ́ kó dún tán, kí ẹ wá fi píìkì gbá okùn kan náà kíkankíkan. Bí ìró méjèèjì bá ga bákan náà, tó jẹ́ pé kìkì ìbẹ̀rẹ̀ wọn ló yàtọ̀, gain ti pọ̀ jù. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó kù ń lọ síbì kan náà, pé kí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìró méjèèjì yìí padà wá, ẹ ó sì máa tún ìdánwò okùn kẹfà yìí ṣe lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Kí iná tó wọlé

Ẹ yẹ ẹ̀yìn áńpù wò. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń kó wọlé láti Amẹ́ríkà jẹ́ ti iná 120 fóòtì, tí a bá sì kì í bọ iná 230 fóòtì ilé wa láìlo ẹ̀rọ tó ń rẹ iná sílẹ̀, ó di gbèsè. Ẹ rí i pé wáyà sípíkà wà nídìí, kí òǹkà ohm (òṣùwọ̀n ìdènà iná) tó wà lẹ́yìn áńpù sì bá ti sípíkà mu, yálà 4, 8 tàbí 16, nítorí pé áńpù onífáàfù tí a bá tàn láìní sípíkà lè ba ara rẹ̀ jẹ́. Ẹ jẹ́ kó wà lórí standby, ipò ìdúródè tí ohùn kò tíì lè jáde, fún bí ìṣẹ́jú kan kí fáàfù gbóná.

Ibi tí a ó ki gìtá sí

Ihò méjì ló wà níwájú 5150. Ọ̀kan ni High Gain, èkejì ni Normal Gain, inú èkejì yìí ni kí ẹ ki gìtá sí, nítorí pé ó ń dín àmì tó ń wọlé kù kó tó kan fáàfù àkọ́kọ́ rárá. Ẹ yan ìkànnì Rhythm. Ẹ má fọwọ́ kan Lead, nítorí pé kò sí ohun tí blues fẹ́ wá ṣe níbẹ̀. Súìṣì Crunch gbọ́dọ̀ wà ní pípa. Ẹ pa Bright náà fún ìgbà díẹ̀, a ó padà sí i bí gìtá bá dún bí ẹni tí a fi aṣọ bò lẹ́nu.

Bí gìtá yín bá ní pickup (ohun tó wà lábẹ́ okùn, tó ń gbé ìró rẹ̀ wọ inú wáyà) oníkọ́ìlì méjì, irú èyí tó wà lára Gibson Les Paul, agbára rẹ̀ ju ti Stratocaster lọ, ẹ sì lè fi sikirudíráífà rẹ pickup náà wálẹ̀ díẹ̀ kó jìnnà sí okùn. Kò ná wa ní kọ́bọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í rántí rẹ̀. Bí pickup bá ti jìnnà sí okùn, agbára rẹ̀ a dín kù, ohùn a sì ṣí sílẹ̀ kí áńpù tó gbọ́ ohunkóhun.

Pre, Post àti bọ́tìnnì ara gìtá

Pre ni ó ń pinnu bí ohùn yóò ti há tó, Post sì ni ó ń pinnu bí yóò ti pariwo tó. Ẹ gbé Post sí 1, torí pé ariwo 5150 máa ń fò sókè lójijì, wáàtì 120 kì í ṣe ohun ìṣeré. Ẹ gbé Low, Mid àti High sí 5. Ẹ ṣí volume gìtá pátápátá, kí ẹ wá máa yí Pre láti ìsàlẹ̀ lọ sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń ta kọ́ọ̀dù E. Níbìkan láàárín 2 sí 3, ẹ ó gbọ́ tí etí ìró bẹ̀rẹ̀ sí í ya wẹ́wẹ́ nígbà tí ẹ bá gbá a. Ẹ lé e kọjá ibẹ̀ díẹ̀, dé ibi tó ti há ju bí ẹ ti fẹ́ lọ, kí ẹ sì dúró.

Nísinsìnyí, ẹ rẹ volume ara gìtá sílẹ̀ sí 6 tàbí 7. Ibí yìí ni mo rò pé àṣírí iṣẹ́ náà wà jù lọ. Bí ẹ bá tún kọ́ọ̀dù E kan náà ta, ẹ fetí sí i dáadáa: okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò ti yà kúrò lára ara wọn, ẹ ó lè tọ́ka sí ìró G♯ tó wà láàárín wọn, ìbẹ̀rẹ̀ ìró yóò ní ìgbóná díẹ̀ lẹ́nu, ìparí rẹ̀ yóò sì máa mọ́ bó ti ń kú lọ. Gain tó kù láàárín 7 sí 10 di ohun ìpamọ́. Bí ẹ bá ń ta lẹ́yìn akọrin, ẹ dúró sí 5. Bí ó bá kan yín láti ta nìkan, ìka kékeré ọwọ́ ọ̀tún ni yóò yí i lọ sókè láìjẹ́ pé ẹ fẹsẹ̀ tẹ nǹkankan.

Àwọn gìtá kan máa ń pàdánù ohùn òkè bí a bá ti ń rẹ volume wọn sílẹ̀, nítorí pé wáyà gígùn tó lọ sínú áńpù ń gbé apá kan rẹ̀ mì. Alágbẹ̀dẹ gìtá lè jó kapásítọ̀ 0.001 microfarad àti résísítọ̀ 150k papọ̀ mọ́ bọ́tìnnì volume náà, kí ohùn òkè lè rí ọ̀nà gbà. Àmọ́ ẹ má sáré ṣe é. Lórí áńpù tí ohùn òkè rẹ̀ mú bí abẹ, pípàdánù díẹ̀ lè jẹ́ oore.

Ohùn ìsàlẹ̀, ti àárín àti ti òkè

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo 5150 kì í kíyè sí, ìyẹn ibi tí bọ́tìnnì Low, Mid àti High wà lójú ọ̀nà tí ohùn ń gbà kọjá. Nínú àwọn áńpù Fender ti àwọn ọdún 1960 bíi Deluxe Reverb, kété lẹ́yìn ìpele àkọ́kọ́ ni wọ́n wà, nítorí náà, béèsì tí a bá dín kù níbẹ̀ kì í dé ibi tí ohùn ti ń há. Nínú 5150, ẹ̀yìn gbogbo ìpele híhá ni wọ́n wà. Bí ẹ bá yí Low sílẹ̀ níbẹ̀, béèsì tó ti há tán ni ẹ ń dín kù, ẹ kò tíì dá a dúró kó má há. Okùn tó nípọn sì ni ó ń gbé agbára tó pọ̀ jù wọlé, òun ni ó ń sọ ohùn di ẹrẹ̀.

Iwájú áńpù gan-an ni ó yẹ kí a ti mú béèsì kúrò, irinṣẹ́ tó dára fún un sì ni pẹ́dàlì EQ, èyí tí a fi ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, ti àárín tàbí ti òkè sókè tàbí wálẹ̀. Boss GE-7, fún àpẹẹrẹ, ní ibi méje tí a lè tì sókè tàbí sílẹ̀, láti 100 Hz (ohùn ìsàlẹ̀) dé 6.4 kHz (ohùn òkè), pẹ̀lú ìkẹjọ tó ń pinnu agbára àpapọ̀. Ẹ fi sáàárín gìtá àti áńpù. Ẹ fa 100 Hz wálẹ̀ ní nǹkan bí 6 dB (dB ni òṣùwọ̀n agbára ìró), ẹ fa 200 Hz wálẹ̀ ní 3 dB, ẹ ti 800 Hz sókè ní 2 tàbí 3 dB, kí ẹ sì fa agbára àpapọ̀ wálẹ̀ ní 6 dB. Ní ti iná tó ń wọlé, 6 dB yìí túmọ̀ sí pé ìdajì àmì gìtá nìkan ló ń kan fáàfù àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ lè gbé Pre lọ sí 4, kí ìdánwò okùn kẹfà sì ṣì yege.

Lórí áńpù fúnra rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Low ní 4, Mid ní 7, High ní 4. Àwọn tó ń ta orin líle máa ń wa àárín ohùn jáde bí ẹni wa ihò, béèyàn bá sì bá áńpù nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, Mid ni yóò kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí pé àárín yìí gan-an ni ìró gìtá ti ń dà bí ohùn ènìyàn. Bọ́tìnnì Resonance ń bá béèsì ṣiṣẹ́ ní apá fáàfù ńlá tó ń lé sípíkà, Presence sì ń bá ohùn òkè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Méjèèjì kò gbọ́dọ̀ kọjá 3 ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá kù díẹ̀ kí ohùn mọ́lẹ̀, Presence ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kún, kí ẹ tó fọwọ́ kan High.

Bí ẹ bá fẹ́ lo pẹ́dàlì

Ibanez Tube Screamer ni orúkọ tí gbogbo ènìyàn ń dá. Iṣẹ́ tí àwọn onírọ́ọ̀kì líle fi ń rán an ni pé wọ́n á fi Drive sí òdo, wọ́n á fi Level sí òkè pátápátá, kó lè máa ti áńpù tó ti há tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Ẹ jẹ́ kí áńpù já gaara, pẹ̀lú Pre ní 1 tàbí 2, ẹ fi Drive pẹ́dàlì sí nǹkan bí 4, kí Level rẹ̀ sì wà níbi tí ariwo kò ti yàtọ̀ bóyá ẹ tẹ̀ ẹ́ tàbí ẹ kò tẹ̀ ẹ́. Pẹ́dàlì yìí máa ń gé béèsì, ó sì máa ń gbé àárín ohùn sókè, nítorí náà, ẹni tó bá ní in lè má nílò GE-7 rárá. Ẹ má tan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà àyàfi bí etí yín bá sọ pé kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí noise gate, ẹ̀rọ tó ń pa ariwo nígbà tí ìró bá ti lọ sílẹ̀, bá wà lára ohun èlò yín, ẹ pa á. Ìró blues máa ń kú díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ yẹn sì máa ń gé e lọ́rùn kó tó parí. Níwọ̀n bí gain ti dín kù, ariwo tí a torí rẹ̀ rà á náà ti dín kù. 5150 kò ní reverb (ìró tó ń dún padà bíi nínú yàrá) nínú, bí ẹ bá sì fẹ́ ẹ, inú effects loop, ihò tí a ń ki pẹ́dàlì sí lẹ́yìn áńpù, ni kí ẹ ki pẹ́dàlì rẹ̀ sí, kó lè wà lẹ́yìn ibi tí ohùn ti há. Díẹ̀ ni kó jẹ́, kó dà bíi pé a ń ta á nínú yàrá, kó má dà bíi pé inú kànga la wà.

Bí ariwo ṣe yẹ kó tó

Ẹ má tún bọ́tìnnì ṣe ní ohùn kékeré nílé kí ẹ wá gbé e lọ sí orí pèpéle bẹ́ẹ̀. Ní 1933, Harvey Fletcher àti Wilden Munson ṣe ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tó fi hàn pé bí ariwo bá kéré, etí ènìyàn kì í gbọ́ béèsì dáadáa bó ṣe ń gbọ́ àárín ohùn. Nítorí náà, Low tó dùn nínú yàrá yóò di ariwo tó ń bì lu ògiri bí a bá ṣí áńpù. Ibi tí ẹ ó ti ta á ni kí ẹ ti tún un ṣe, ní ìwọ̀n ariwo tí ẹ ó lò.

Fáàfù ńlá mẹ́rin, 6L6, ni ó ń lé sípíkà nínú 5150. Lóòótọ́, bí a bá ṣí wọn tó, àwọn náà a máa há, híhá tiwọn sì rọ̀ ju ti fáàfù iwájú lọ. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú wáàtì 120, kí wọ́n tó há, àwọn aládùúgbò yóò ti dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá ní attenuator, ẹ̀rọ tí a fi ń sàárín áńpù àti sípíkà láti dín agbára tó ń dé sípíkà kù, lè gbìyànjú rẹ̀, bí ó bá lè gba wáàtì tó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá ní in, kó má banú jẹ́.

Pípààrọ̀ fáàfù àti sípíkà

Èyí jẹ́ fún ẹni tí áńpù náà jẹ́ tirẹ̀. Fáàfù tí ohùn kọ́kọ́ ń gbà kọjá ni wọ́n ń pè ní V1. A lè yọ 12AX7 tó wà níbẹ̀, kí a fi 5751 rọ́pò rẹ̀, èyí tí ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 70, tàbí 12AT7 tí tirẹ̀ jẹ́ 60, tàbí 12AY7 tí tirẹ̀ kò ju nǹkan bí 44 lọ. 12AY7 yìí ni ó wà níwájú Bassman àtijọ́ gan-an. Ẹsẹ̀ wọn bára mu, ihò kan náà ni wọ́n ń wọ̀. Bọ́tìnnì Pre yóò wá ní ààyè tó pọ̀ sí i: ibi tí ohùn ti ń há ní 2 tẹ́lẹ̀ lè sún lọ sí 4, kí a lè máa yí i láìgbọ̀n. Èmi yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5751, nítorí pé 12AY7 lè mú kí áńpù kan dún bí ẹni tó rẹ̀.

Ẹ pa áńpù, ẹ yọ ọ́ kúrò nídìí iná, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kí ẹ tó ṣí ìdérí irin tó wà lórí fáàfù kékeré náà láti ẹ̀yìn. Ẹ má tú àpótí irin tó wà nínú rẹ̀ rárá, torí pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún fóòtì lè ṣì wà nínú kapásítọ̀ ibẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ iná, ó sì lè pa ènìyàn. Ọ̀rọ̀ 6L6 jẹ́ ti ẹni tó kọ́ iṣẹ́ áńpù onífáàfù.

Ní ti sípíkà, Celestion Vintage 30 ló wọ́pọ̀ nínú àpótí àwọn áńpù wọ̀nyí, ó sì máa ń ta jáde ní òkè àárín ohùn lọ́nà tó lè gún etí bí gìtá bá já gaara. Sípíkà Greenback, tó jẹ́ wáàtì 25 péré fún ẹyọ kan, rọ̀ jù ú lọ, àmọ́ mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ wáàtì 100 nìkan, kò sì yẹ kí a ṣí 5150 tó jẹ́ 120 sí i tán.

Ọwọ́ atagìtá

Áńpù tí B.B. King, gbajúmọ̀ atagìtá blues, lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, Lab Series L5, kò ní fáàfù kan ṣoṣo nínú, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó gbọ́ ìró kan péré lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò mọ̀ pé òun ni. Albert King, atagìtá blues mìíràn, kì í lo píìkì, àtàǹpàkò ló fi ń ta okùn. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lórí áńpù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe yìí: ẹ yan pickup tó sún mọ́ ọrùn gìtá, ẹ fi ẹran ìka fa okùn kejì sókè díẹ̀ kí ẹ sì jẹ́ kó padà bá fíngábọ́ọ̀dù. Ìró tó máa jáde yóò ní orí tó yípo, kò ní gún. Bí ẹ bá tún píìkì gbé, ẹ mú un rọra, nítorí pé áńpù tó ń dáhùn sí ọwọ́ yóò dáhùn sí ọwọ́ líle pẹ̀lú. Okùn tó nípọn díẹ̀, íǹṣì 0.010 tàbí 0.011 fún okùn kìn-ín-ní, ń fún ọwọ́ ní ohun tó lè gbá láìjẹ́ kí ìró ṣe gbọ̀ngbọ̀n. 0.013 tí atagìtá blues Stevie Ray Vaughan ń lò nígbà ayé rẹ̀ kò pọn dandan fún ẹnikẹ́ni, òun pàápàá sì máa ń yí gìtá rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdajì ohùn.

Nígbà tí béèsì gìtá àti kíbọ́ọ̀dù bá wọlé, ẹ rẹ Low sílẹ̀ sí 3, kí ẹ sì gbé Mid lọ sí 8 kí ẹ tó ronú àtifi kún Post. Bí ẹ kò bá tún gbọ́ ara yín, ẹ gbé áńpù sórí àga kí sípíkà kọjú sí etí yín, torí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni atagìtá máa ń fi kún High nítorí pé sípíkà ń kọrin fún orúnkún rẹ̀.